Ilẹ̀kùn Tí Mo Dáná Sun

  Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ka ìdajì kí ẹ wá máa sọ kiri pé Pásítọ̀ ti di abọ̀rìṣà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa tó wà ní Ìlú Ọba ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n kó wọn lọ wo ilé àtijọ́ kan ní Norfolk, Oxburgh Hall lorúkọ rẹ̀. Nínú ọgbà ilé náà, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà tí ìdílé tó ni ilé kọ́ fún àdúrà tiwọn. Lókè pẹpẹ ibẹ̀ ni ohun tó ya fọ́tò rẹ̀ wà: igi ńlá tí wọ́n ṣe bí àpótí, tó ní ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, tí ère èèyàn kéékèèké kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí wọ́n sì fi wúrà kùn. Ìjìyà Olúwa wa Jésù ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀.

Arábìnrin yìí wá bi mí pé: "Daddy, ṣé ère kọ́ lèyí? Ṣé ó yẹ kí n dúró níwájú ẹ̀? Ó dùn ún wò lójú mi, ẹ̀rù sì tún ń bà mí."

Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ronú. Kì í ṣe pé mi ò mọ Ẹ́kísódù 20. Ìbéèrè rẹ̀ ló tú egbò àtijọ́ kan lára mi, egbò tí mi ò tíì sọ lórí pẹpẹ rí. Màá sọ ọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ó dúró wò.

1. KÍ NI NǸKAN YẸN GAN-AN?

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú Antwerp ló ṣe é, ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù ni Antwerp wà lónìí. Láyé ìgbà yẹn, Flanders ni àwọn èèyàn sábà máa ń pe gbogbo agbègbè náà.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kọ́. Ẹnì kan á kan àpótí, ẹlòmíràn á gbẹ́ àwọn ère inú rẹ̀, ẹlòmíràn á fi ọ̀dà àti wúrà kùn ún. Igi oak ni wọ́n ń lò, igi líle tó ń pẹ́ láyé bí ìrókò tiwa. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ní òfin. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ á yẹ iṣẹ́ wò. Bí igi bá dára, wọ́n á fi irin gbígbóná tẹ àmì àtẹ́lẹwọ́ sí i lára. Ní ìlú Brussels, àmì òòlù onígi ni tiwọn. Ẹni tó bá rí àmì náà mọ̀ pé ojúlówó ni, bí àwa náà ṣe ń wá nọ́ḿbà NAFDAC lára páálí oògùn ká tó gbé e mì. Wọ́n ń tà wọ́n lọ sí Jámánì, Sípéènì, títí dé Swídìn.

Kí ni wọ́n ń lò ó fún? Púpọ̀ nínú ará ìjọ ìgbà yẹn kò mọ̀wé, Bíbélì kò sì sí nílé wọn. Ní ọjọ́ lásán, ilẹ̀kùn rẹ̀ á wà ní títì. Bí ọdún bá dé, wọ́n á ṣí i, wúrà á máa tàn nínú iná àbẹ́là. Ẹni tí kò dá A mọ̀ yàtọ̀ sí B á rí i pé Olúwa ru àgbélébùú, pé ìyá rẹ̀ sunkún, pé wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí igi. Ẹ rò ó wò: sinimá ìyìn rere ni lọ́jọ́ ayé wọn.

2. ÀWỌN TÓ FI ÀÁKÉ FỌ́ Ọ

Àmọ́ nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ fún igi. Wọ́n ń tan àbẹ́là fún un, wọ́n ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àtúnṣe ìjọ dé, àwọn tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń jó nínú wọn kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ní oṣù Ògọ́sítì 1566, èrò ya wọ kàtídírà Antwerp fúnra rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti ń gbẹ́ àwọn pẹpẹ yìí, wọ́n fi àáké àti òòlù fọ́ ohun tí ọwọ́ wọn tẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ló pàṣẹ rẹ̀ láyé Ọba Edward Kẹfà, láàárín 1547 sí 1553, pé kí wọ́n kó ère kúrò ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má tètè bínú sí wọn o. Agboolé ìgbàgbọ́ tí àwa náà ti jáde ni wọ́n wà. Ohun tó ń dùn wọ́n, ó tọ́ kó dùn wọ́n.

Ìdílé Bedingfeld tó ni Oxburgh Hall ní tiwọn kò kúrò nínú ìjọ Kátólíìkì. Nígbà tí òfin de Máàsì, wọ́n ní ihò kan lábẹ́ ilẹ̀ nínú ilé náà tí Fadá máa ń sá wọ̀ bí àwọn tó ń wá a bá dé. Ihò yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Òfin 1829 ló dá ẹ̀tọ́ àwọn Kátólíìkì padà fún wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn, wọ́n sì gbé pẹpẹ Antwerp yìí sínú rẹ̀. Nǹkan tó ye àáké ló wà níbẹ̀ tí ọmọ wa dúró ń wò.

Nígbà tí mo rò ó dé ibẹ̀, mo ní: háà, ìtàn ilé wa nìyí.

3. ỌKÙNRIN MÉJÌ NÍ ILẸ̀ WA

Ẹ̀yin ará Òrò, ẹ mọ ọ̀nà tó gba Òmù-Àrán kọjá lọ sí apá Èkìtì tó wà ní Kwara níbí. Ní ilẹ̀ tí mọ́tò kì í fi ọjọ́ kan rìn tán yìí, Ọlọ́run fún wa ní ọkùnrin méjì láyé àwọn bàbá wa.

Èkíní ni Àreògún ará Ọ̀sì. Wọ́n bí i ní nǹkan bí 1880, ó sì kú ní 1954. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ògbóǹtarìgì. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ opó, ó gbẹ́ ọpọ́n Ifá, ó gbẹ́ ère Ẹpa tí wọ́n ń gbé rù jó. Mi ò bò ó mọ́ra: púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, fún òrìṣà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Lára àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ ẹ ó rí ẹlẹ́ṣin, ẹ ó rí ìyá tó pọn ọmọ, ẹ ó rí ẹni tó ń mu ìkòkò tábà àti ẹni tó gun kẹ̀kẹ́. Ayé tó rí ló ń gbẹ́.

Èkejì ni bàbá wa nínú Olúwa, Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ọmọ Odò-Ọwà ni, wọ́n bí i ní 1904. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì ló ń wà nígbà tí Ọlọ́run pè é ní 1928. Ní oṣù Júláì 1930, iná sọ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà. Èrò wá láti ọ̀nà jíjìn, aláìsàn gba ìwòsàn, àwọn èèyàn sì ń kó ère àti oògùn ilé wọn jáde, wọ́n ń dáná sun ún.

Ẹ wò ó, ọkùnrin méjì, ìlú wọn kò jìnnà síra. Ọ̀kan ń gbẹ́, wọ́n ń sun irú ohun tó gbẹ́ níwájú ìkejì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún 1930. Láìsí ìsọjí yẹn, mi ò mọ ibi tí màá wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bú Bàbá Babalọlá, kó wá ẹlòmíràn.

Àmọ́ ohun kan wà tí mi ò kíyè sí títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Àwọn tó wá sí Òkè-Oòyè, ti ara wọn ni wọ́n kó wá sun. Àwọn ará Éfésù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19, ìwé ti ara wọn ni wọ́n kó jáde. Wọ́n ti rí Ẹni tó ju ère lọ, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀ tinútinú. Kò sẹ́ni tó lọ fọ́ ilé aládùúgbò wọlé.

4. OHUN TÍ MO ṢE NÍ 1994

Mo jẹ́ ẹni ọdún 24. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná ni, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Àwa ọ̀dọ́ mẹ́rin lọ ṣe ìsọjí ní abúlé ìyá ìyá mi, lápá Ọ̀sì. Àbúrò ìyá àgbà mi ló ń gbé ilé náà. Bàbá yìí ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó bí mi, ó ní Bíbélì tí etí rẹ̀ ti jẹ tán.

Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ jẹ́ igi gbígbẹ́, ìpele mẹ́rin. Lókè, ọdẹ tó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Lábẹ́ rẹ̀, obìnrin méjì tó ń gún iyán. Ní ìpele kẹta, ọkùnrin kan tó dé fìlà lórí kẹ̀kẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìjàpá àti ẹyẹ.

Bàbá ti lọ sóko. Ọ̀kan nínú wa sọ pé òun rí ẹ̀mí ìdílé tó ń fojú sọ́nà láti ara ilẹ̀kùn yẹn. Ọmọ ilé ni mí, èmi ló yẹ kó sọ pé ẹ dúró ná. Èmi ni mo wá irin tí a fi tú u kúrò. A gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, a da kẹrosín-ì sí i, a ń kọrin, a ń pàtẹ́wọ́. Igi náà kò tètè jó. Àfi ìgbà tí a da kẹrosín-ì lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá dé ní ìrọ̀lẹ́, iṣu wà lórí rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo eérú. Mo ti to ẹsẹ Bíbélì sílẹ̀ tí màá fi dá a lóhùn. Kò pariwo. Ohun tó bi mí ni pé: "Ọmọ mi, ta ló ń bọ kẹ̀kẹ́?"

Ẹnu mi wọhò.

Ó wá ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá òun ló bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà níṣẹ́ nígbà tí òun fẹ́ gbéyàwó. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ra kẹ̀kẹ́ ní abúlé náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Ọkùnrin tó dé fìlà yẹn, òun fúnra òun ni.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n fún wa lóúnjẹ. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ fi ebi rìn lálẹ́. Kò gbé wa ṣépè. Aṣọ ìbora ni wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìgbà tí mo lọ sí ìsìnkú rẹ̀, ilẹ̀kùn páànù ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rí iṣẹ́gun ni mo fi ṣe lórí pẹpẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà.

5. ÀWỌN TÍ KÒ FI INÁ SÍ I

Ọdún pọ̀ lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé ẹlòmíràn ti rí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, tí ó sì ro ohun mìíràn. Ní 1947, Fadá méjì nínú ìjọ Kátólíìkì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Wọn kò kó gbẹ́nàgbẹ́nà wá láti òkè òkun. Bándélé, ọmọ Àreògún ará Ọ̀sì, ni wọ́n lọ bẹ̀. Wọn kò sì ní kó gbẹ́ bí òyìnbó. Wọ́n sọ ìtàn Bíbélì fún un, wọ́n ní kó gbẹ́ ẹ bí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣe ń gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn amòye tó wá wo Jésù ọmọ ọwọ́ fi wọṣọ bí ọba Yorùbá nínú iṣẹ́ wọn. Ilé iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ títí di 1954.

Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́ kan ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ọmọ Ìgbómìnà bíi tiwa ni, ará Ìlá Ọ̀ràngún. Lamidi Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ lorúkọ rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: Ọlọ́nàdé. Mùsùlùmí ni, ó sì jẹ́ Mùsùlùmí títí ó fi kú. Ọwọ́ Mùsùlùmí yìí ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Òun náà ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ wà ní Kennedy Center ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Ní 2006, UNESCO kà á mọ́ àwọn èèyàn tí wọ́n jẹ́ ìṣúra fún ayé. Ọjọ́ Kérésìmesì, 25 Oṣù Kejìlá 2009, ló kú.

Mi ò ní kí ẹ di Kátólíìkì o. A yàtọ̀ síra lórí ohun tó pọ̀, màá sì máa wàásù ìyàtọ̀ yẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé Fadá yẹn wo ọwọ́ ọmọ Àreògún, ó rí ẹ̀bùn Ọlọ́run. Èmi ọmọ ilé wo ilẹ̀kùn ẹbí mi, èṣù nìkan ni mo rí.

Òyìnbó mìíràn náà kò fojú kéré rẹ̀. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ lọ sí àfihàn ńlá kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò padà wálé. Wọ́n ṣe àga ìtẹ́ kan fún Ògògà dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní Músíọ̀mù Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dòní. Ẹ wá wo Èsìẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Ère òkúta ibẹ̀ lé ní 1,000, àwọn kan ti tó nǹkan bí 900 ọdún. Nítorí wọn ni ìjọba fi dá músíọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945. Mélòó nínú wa tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ló ti mú ọmọ rẹ̀ wọlé rí?

6. KÍ NI BÍBÉLÌ SỌ?

Ẹ ṣí Bíbélì yín, ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán.

Ẹ́kísódù 20 ní ká má yá ère láti forí balẹ̀ fún un. Ó dúró digbí, kò yẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ igi, kó jáwọ́.

Ṣùgbọ́n ní Ẹ́kísódù 25, Ọlọ́run kan náà ló ní kí Mósè fi wúrà ṣe kérúbù méjì sórí àpótí ẹ̀rí. Ní Ẹ́kísódù 31, Ó dárúkọ Besaleli, Ó ní òun ti fi Ẹ̀mí òun kún un. Fún kí ni? Fún iṣẹ́ wúrà, iṣẹ́ òkúta àti iṣẹ́ igi gbígbẹ́. Àwa tí a ń pariwo Ẹ̀mí Mímọ́ jù, ẹ ò rí i pé gbẹ́nàgbẹ́nà wà lára àwọn tí Bíbélì kọ́kọ́ sọ nípa wọn pé Ẹ̀mí kún inú wọn?

Ẹ lọ sí 1 Ọba 6. Ilẹ̀kùn! Sólómọ́nì gbẹ́ kérúbù, igi ọ̀pẹ àti òdòdó sára ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run. Ìgbà tí mo tún ka orí yẹn, mo pa Bíbélì dé, mo jókòó jẹ́ẹ́.

Ejò idẹ ló parí ẹ̀. Ní Nọ́ńbà 21, Ọlọ́run ló ní kí wọ́n ṣe é, àwọn tó wò ó sì yè. Ní 2 Ọba 18, àwọn èèyàn ti ń sun tùràrí fún un, Hesekáyà sì fọ́ ọ túútúú, Bíbélì yìn ín. Idẹ kan náà ni. Idẹ kò yí padà, ọkàn àwọn èèyàn ló yí. Nítorí náà, kí a tó mú àáké, ìbéèrè tó yẹ ká bi ni: ta ló ń forí balẹ̀ fún un? Ta ló ń bọ kẹ̀kẹ́?

7. ÌDÍ TÍ MO FI Ń SỌ Ọ́ LÓNÌÍ

Ọmọkùnrin kan wà ní ìjọ wa, ẹni ọdún 19. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ mi fún ìtúsílẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Ó ní ọmọ náà máa ń jókòó lẹ́yìnkùlé, á máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ orí èèyàn, bàbá bàbá rẹ̀ sì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ẹ̀mí ìdílé ni. Ó kó àwọn igi náà wá nínú àpò sìmẹ́ǹtì kí n lè sun ún.

Mo ti na ọwọ́ láti gbé e lé e lórí. Ni mo bá mú ọ̀kan nínú àpò yẹn wò. Ojú ìyá rẹ̀ ni. Gèlè rẹ̀, ilà ojú rẹ̀, bó ṣe máa ń di ẹnu pọ̀ bó bá ń ronú, gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀. Mo gbé e fún ìyá náà, ó dì í mú, ó bú sẹ́kún.

Mo gbàdúrà fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n mi ò lé ẹ̀mí kankan jáde. Mo ka Ẹ́kísódù 31 sí i létí. Ó bi mí pé, "Daddy, ṣé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́?" Ẹni ọdún 19, inú ṣọ́ọ̀ṣì la bí i sí, kò sẹ́ni tó kà á fún un rí.

Ẹ mọ̀ pé a ti fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn tuntun. Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ti gba iye owó ilẹ̀kùn àlùmíníọ̀mù láti Ìlọrin. Mo ti dábàá pé kí a fún ọmọ yìí ní ilẹ̀kùn kan, ẹyọ kan péré, kó gbẹ́ ìtàn ọmọ onínàákúnàá sí i: ọmọ tó ń lọ, ọmọ tó ń jẹ́ko ẹlẹ́dẹ̀, bàbá tó ń sáré bọ̀. Àwọn àgbà kan ti bínú sí mi. Ọ̀kan sọ lójú mi pé mo fẹ́ gbé ojúbọ wọ ilé Ọlọ́run. Mi ò bá a jà, nítorí bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn ara mi ti 1994 ni mò ń gbọ́. Ọjọ́ Sátidé la ó tún jókòó. Bí wọ́n bá ní àlùmíníọ̀mù ni, àlùmíníọ̀mù náà ni. Ìjọ kì í ṣe ti Pásítọ̀. Àmọ́ ilẹ̀kùn yàrá tèmi, ọmọ yẹn ni yóò gbẹ́ ẹ, mo sì ti sọ fún un pé kó fi kẹ̀kẹ́ kan sí i.

Ọmọ mi tó wà ní Ìlú Ọba, ìdáhùn rẹ nìyí, má bínú pé ó pẹ́. Má forí balẹ̀ fún un. Má tan àbẹ́là fún un. Ṣùgbọ́n dúró kí o wò ó dáadáa. Wo ojú ìyá Olúwa tó ń sunkún, wo ọwọ́ tí wọ́n kàn mọ́gi. Ẹnì kan jókòó ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti gbẹ́ ẹ kí àwọn tí kò mọ̀wé lè mọ̀ pé Ọlọ́run fẹ́ wọn. Dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa fún ọwọ́ yẹn, kí o sì máa bá tìrẹ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀kùn tàbí opó gbígbẹ́ ní ilé bàbá yín ní Òrò, Èsìẹ́, Òmù-Àrán, Ọ̀sì àti gbogbo agbègbè wa, ẹ béèrè ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà kí àgbà tó lọ. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ń bọ, tí ó sì jẹ́ tiyín, ẹ mọ ohun tí Olúwa sọ fún yín. Bó bá jẹ́ pé bàbá yín tó ra kẹ̀kẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ nù ún, ẹ fi epo pa á, ẹ fi han àwọn ọmọ yín.

Olúwa, dárí jì mí fún ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tèmi. Fún wa ní ojú tó mọ òrìṣà yàtọ̀ sí ẹ̀bùn. Àwọn Besaleli tó wà láàárín wa, má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa pa wọ́n. Ní orúkọ Jésù.

Ẹ ṣe Àmín.